Kí Bàtà Tó Kan Yìnyín: Àlàyé Lórí Bí A Ṣe Ń Wọ Ìdíje Figure Skating

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ojú òpó WhatsApp ẹbí wa pé ọmọbìnrin òun ti yege ìdánwò, ó sì ti bọ́ sí ìpele Novice nínú eré figure skating tó ń ṣe. Tayọ̀tayọ̀ ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ńṣe ni a ń wo ara wa lójú. Èmi tí mo fi ọdún 29 kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìntì mọ̀ dájú pé ọ̀gbẹ̀rì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní novice, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá wa nígbà tí wọ́n bi mí. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàrọwà fún un pé kó má bọkàn jẹ́, pé díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ń kọ́ ìrìn. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń bá òun sọ. Nígbà tí ó yé e, ẹ̀rín pa á débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìpele mẹ́jọ tí wọ́n ń fi ìdánwò gùn lọ́hùn-ún, méjì péré ni ó wà lókè Novice.

Ojú tì mí díẹ̀, mo sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ó fi yé mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù, agbo ilé tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ lókè òkun kò pọ̀ mọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ń ṣe àwọn eré tí àwa kò bá pàdé nígbà èwe wa. A ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn, a ń gba àdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sí ìdíje ẹkùn, ìyẹn ti agbègbè wọn (regional), a kì í mọ ohun tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó débẹ̀. Bí mo ṣe wá rí i, ìdajì wàhálà ìdíje yìí ni a ti ń parí lórí ìwé, ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ yóò gbé ẹsẹ̀ lé yìnyín, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti ń rú àwọn òbí lójú.

Figure skating jẹ́ eré tí a ń fi bàtà aláwọ tí a kan abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ nísàlẹ̀ ṣe lórí ilẹ̀ tí a fi omi dídì tẹ́. Kì í ṣe eré sísá, ẹni tó yára jù kọ́ ni ó ń gba ipò kìíní. Kì í sì í ṣe hockey tí ọ̀wọ́ méjì ń fi ọ̀pá lé nǹkan kiri. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jáde, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Orin yóò máa dún, eléré yóò máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀ lórí yìnyín náà, yóò fò sókè, yóò yí lójú òfúrufú, yóò fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, yóò tún dúró sójú kan yí bí òkòtó, àwọn adájọ́ yóò sì máa fún un ní máàkì. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní figure ni pé láyé àtijọ́, yíya ìlà sórí yìnyín ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Eléré yóò fi abẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ya òbírí, yóò tún gba orí ìlà kan náà kọjá, àwọn adájọ́ yóò wá bẹ̀rẹ̀ wo ojú ìlà náà bóyá ó tọ́. Lẹ́yìn ọdún 1990 ni wọ́n yọ apá yẹn kúrò nínú ìdíje àgbáyé, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò.

Màmá ní kí ọmọ náà gbé bàtà náà súnmọ́ fóònù kí àwọn rí i. Yìnyín tí àwọn mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Òkè-Ajé lọ, tí a ń fọ́ sínú agbada fún ohun mímu níbi ìnáwó, bí èérún rẹ̀ bá sì bọ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, gbogbo ilé ni yóò máa kìlọ̀ fún ara wọn kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀ ṣubú. Ọmọ náà dojú bàtà dé, ó rọra fa èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá lórí etí abẹ náà, èékánná sì ha díẹ̀ sójú irin bí ẹfun. Ó ní bí àwọn ṣe ń mọ̀ pé ó mú nìyẹn. Abẹ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, èyí ni ó fi ní etí méjì, ti inú àti ti òde. Eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó sì wà ní orí rẹ̀ níwájú tí eléré fi ń ta ara rẹ̀ sókè. Orí èwo nínú etí méjèèjì ni eléré wà nígbà tí ó fẹ́ fò, àti bóyá ó ta eyín iwájú mọ́ ilẹ̀ tàbí kò ta á, ni a fi ń mọ orúkọ tí fífò náà ń jẹ́. Èyí tí ó yàtọ̀ pátápátá ni Axel, tí wọ́n fi orúkọ Axel Paulsen ará Norway sọ, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ fò ó ní ọdún 1882. Òun nìkan ni wọ́n ń kọjú síwájú fò, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọjú sí bí wọ́n bá ń balẹ̀, ìdajì ìyípo kan máa ń lé lórí rẹ̀. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. Yóò padà wá nígbà tí a bá dé orí máàkì.

Màmá tún béèrè bóyá àwọn tí àwọ̀ wọn jọ tiwa ń ṣe é. Wọ́n ń ṣe é, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Debi Thomas, ọmọ dúdú ará Amẹ́ríkà, gba ife àgbáyé ní ọdún 1986, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ ní Olímpíìkì ọdún 1988 ní Calgary. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ènìyàn dúdú kankan tó gba àmì-ẹ̀yẹ rí nínú Olímpíìkì ìgbà òtútù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń ṣini lọ́nà: amateur. Ní ẹnu wa níbí, èébú ni. Bí kápẹ́ńtà bá kan ilẹ̀kùn tí kò pa dé, a ó ní amateur ni. Nínú eré yìí, ohun tí ó túmọ̀ sí ni ẹni tí kò fi eré náà ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, tí ó sì wà lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ tí ń darí rẹ̀. Ó lè mọ̀ ọ́n ṣe jù, ó sì lè má mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ẹnu ọ̀nà ìdíje náà kò ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó kàn ń kọjá lọ, ẹgbẹ́ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀. Ní Amẹ́ríkà, U.S. Figure Skating, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1921 tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú Colorado Springs, ni ẹgbẹ́ náà. British Ice Skating ni ti Gẹ̀ẹ́sì, Skate Canada ni ti Kánádà. Orúkọ ìpele àti ètò wọn yàtọ̀ síra, nítorí náà ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní London kò gbọdọ̀ gbé ohun tí mo ń sọ nípa Amẹ́ríkà lé ọmọ tirẹ̀ lórí.

Ọ̀rọ̀ ìpele ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ó dá ẹ̀rín sílẹ̀ ní ilé wa. Ní Ìjẹ̀bú, ọdún tí a bí ènìyàn ni a fi ń mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá dé Ojúde Ọba, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá o mọ ijó jó kó tó gbà ọ́ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ; ọjọ́ orí rẹ ti parí ọ̀rọ̀. Nínú figure skating, ìdánwò ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọdún ìbí ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Bí àwọn ìpele náà ṣe tẹ̀léra láti ìsàlẹ̀ nìyí: Pre-Preliminary, Preliminary, Pre-Juvenile, Juvenile, Intermediate, Novice, Junior àti Senior. Ẹni tí ó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò ṣìnà. Senior kì í ṣe àgbàlagbà, ọmọ ọdún 15 lè wà níbẹ̀; Junior kì í sì í ṣe ọmọ kékeré. Àwọn ìpele kan ní òté ọjọ́ orí tí kò gbọdọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ìdánwò ni ìpìlẹ̀.

Iwájú àwọn adájọ́ ni ọmọ ti ń ṣe ìdánwò náà, kì í sì í ṣe ìdíje. Òun nìkan ni ó wà lórí yìnyín. Bí kò bá ṣe dáadáa tó, wọn kì í kọ ọ́ pé ó fìdí rẹmi, ohun tí wọ́n ń kọ ni pé kó tún un ṣe. Èyí tí ó bá yege kò ní bàjẹ́ mọ́ láé. Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn òbí ilẹ̀ wa ti máa ń kọlu ọgbọ́n olùkọ́ eré náà. Ní tiwa, bí ọmọ bá yege, kí ó tètè tún ṣe òmíràn ni. Ọmọ tí ó fo kíláàsì kan, tí ó ti primary four bọ́ sí six, àríyá ni a ń ṣe fún un. Èmi fúnra mi kọ̀wé sí àbúrò mi pé kí ọmọ náà ṣe ìdánwò Junior lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ní olùkọ́ kò gbà. Mo rò pé owó ni ìdí rẹ̀, àṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpele tí ìdánwò rẹ̀ tó ga jù gbé e dé ni ọmọ yóò ti díje, kì í sì í sábà sí àyè láti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú bá pọ́n ọn. Ọmọ tí ó bá sáré yege Junior nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lè fò ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń fò yóò kàn di ẹni ìkẹyìn ní gbogbo ìdíje ni. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ dúró kò ya ọ̀lẹ, ìṣirò ni ó ń ṣe.

Fún àwọn tí kò fẹ́ gun àkàbà yìí dé òkè, ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Excel, níbi tí òfin ti dín àwọn ohun tó le kù kí ọmọ lè díje pẹ̀lú àwọn tí agbára wọn dọ́gba. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdúró pàápàá ní tiwọn, Compete USA, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nínú ètò Learn to Skate USA lè wọ̀. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀.

Nísinsìnyí, bí a bá ti mọ ìpele ọmọ, báwo ni ó ṣe ń wọ ìdíje? Ẹgbẹ́ agbègbè kan ni ó sábà máa ń gbàlejò ìdíje, yóò sì gbé ìkéde jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Ìkéde yẹn ni ìwé tó ṣe pàtàkì jù lọ. Nínú rẹ̀ ni ibi ìdíje, ọjọ́, àwọn ìpele tí wọn yóò gbà, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n ń wò láti mọ ìdánwò tí ọmọ ti yege, irú ètò máàkì tí wọn yóò lò, àti gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ wà. Òbí yóò wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò yan ìpele, yóò fi orúkọ olùkọ́ sí i, yóò sì san owó. Orúkọ olùkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán o: ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, tí wọn kò yẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wò, tí kò sì ṣe ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò ọmọdé, kò gbọdọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ yìnyín pẹ̀lú ọmọ lọ́jọ́ ìdíje. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni ó máa ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni pé ọdún ẹgbẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní bí tiwa. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni ó ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún kejì ni ó sì ń parí. Ẹni tí ó bá san owó ẹgbẹ́ ní oṣù Kẹrin, tí ó sì rò pé òun ti ní ọdún kan gbáko, yóò rí i pé oṣù mélòó kan ni òun ní. Ìkejì ni gbèdéke. Ẹ̀bi ti ilé wa ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọdún kan, a dá owó jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti fi ran àbúrò mi lọ́wọ́, èmi ni mo sì wà nídìí fífi í ránṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke. Mo fi owó náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ti ṣe é lásìkò, láìrántí pé owó tó ń ti ibí lọ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ti tì pa, àwọn tó ṣètò ìdíje náà kò sì lè ṣí i fún ẹnìkan, nítorí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Láti ìgbà náà, gbèdéke tiwa ní ilé jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbèdéke tiwọn. Kí ẹni tó ń ránṣẹ́ sì tún mọ̀ pé lẹ́yìn tí gbèdéke bá ti kọjá, owó ìwọlé kì í sábà padà, bí ọmọ tilẹ̀ ní òun kò lọ mọ́.

Lẹ́yìn owó, orin ló kàn. Wọn yóò fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, wọn yóò sì tún mú ẹ̀dà kan dání lọ́jọ́ náà. Gígùn rẹ̀ ní òfin: ní ìpele Senior, níbi tí eléré ti ń ṣe eré méjì, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni eré kúkúrú, ìṣẹ́jú 4 sì ni eré gígùn, a lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 lé e tàbí kí a fi dín in. Ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀, ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí eléré bá kọ́kọ́ mira ni aago ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ ni ó ń parí. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó ń dá ṣe eré kò gbọdọ̀ lo orin tí ènìyàn ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ṣùgbọ́n láti sáà ọdún 2014 ni wọ́n ti gbà á láyè. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé kí ó fi àpàlà dán wọn wò. Kò tíì dá mi lóhùn.

Pẹ̀lú orin, ìwé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Planned Program Content, níbi tí olùkọ́ àti ọmọ yóò ti to gbogbo ohun tí ọmọ fẹ́ ṣe lẹ́sẹẹsẹ: fífò báyìí, yíyí báyìí, ìrìn ẹsẹ̀ báyìí. Ìwé náà ń ran àwọn tó ń wo ẹsẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ ohun tó ń bọ̀. Kì í ṣe àdéhùn. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé òun yóò fò, òun yóò sì yípo lẹ́ẹ̀mẹta lójú òfúrufú, tí ó sì yípo lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ó ṣe ni wọn yóò kà fún un, kò sì sí ìjìyà fún ìyípadà.

Aṣọ ni ó mú télọ̀ wa wọ ọ̀rọ̀ náà. Òfin ní kí aṣọ bójú mu, kí ó má ṣí ara sílẹ̀ jù, kí eléré má sì mú ohun èlò kankan dání. Obìnrin lè wọ ṣòkòtò láti ọdún 2004. Màmá ní dandan ni kí aṣọ ọmọ náà ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ, a sì gbé àdìrẹ fún télọ̀. Aṣọ náà dára lójú, ṣùgbọ́n àdìrẹ kì í fà, ọmọ tí ó sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ dé orí nílò aṣọ tó ń fà. A tún òmíràn rán, èyí tó ń fà, télọ̀ sì jókòó fi ọwọ́ gán ìlẹ̀kẹ̀ sí àyà àti apá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, olùkọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka méjì di ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, ó sì fà á. Mẹ́rin já sí i lọ́wọ́. Inú télọ̀ wa kò dùn nígbà tí ó gbọ́, títí a fi ṣàlàyé fún un pé bí ohun ọ̀ṣọ́ kan bá já bọ́ sórí yìnyín, máàkì 1 ni wọn yóò yọ, yàtọ̀ sí pé abẹ ẹlòmíràn lè gun orí rẹ̀ kó sì gbé e ṣubú. Ó ní kí wọ́n dá a padà, ó sì fi òwú méjì-méjì tún gbogbo rẹ̀ gán.

Nípa ọjọ́ ìdíje fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ọmọ yóò débẹ̀ ṣáájú àkókò, yóò lọ forúkọ hàn, yóò jáde pẹ̀lú ọ̀wọ́ rẹ̀ láti na ara fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìdíje àgbáyé ti àwọn tó ń dá ṣe eré, ọ̀wọ́ kan kì í ju ènìyàn mẹ́fà lọ, ìṣẹ́jú 6 ni wọ́n fi ń na ara. Láàárín, ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Zamboni yóò jáde wá fá ojú yìnyín, yóò sì da omi lé e kó lè jọ̀lọ̀. Frank Zamboni ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1949. Màmá wa fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju eré náà lọ.

Máàkì ni ó kù, òun ni ó sì gùn jù. Oríṣi méjì ni ó wà, ìkéde ìdíje ni yóò sì sọ èyí tí wọn yóò lò. Ti àtijọ́ ni 6.0, tí wọ́n ṣì ń lò fún àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, máàkì fúnra rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ipò tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọmọ sí ni wọ́n ń kà. Ẹ jẹ́ kí a ní adájọ́ márùn-ún wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta fi ọmọ kan sí ipò kìíní, ìkẹrin fi í sí ipò kẹta, ìkarùn-ún fi í sí ipò karùn-ún. Ọmọ kejì wà ní ipò kìíní lọ́dọ̀ adájọ́ méjì, ó sì wà ní ipò kejì lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù. Ojú lè sọ fún ni pé ọmọ kejì ni ó yẹ kó gbà á, nítorí kò sí ẹni tó fi í sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àkọ́kọ́ ni ó gbà á, nítorí àwọn tó pọ̀ jù nínú adájọ́ fi í sí òkè. Bí a ṣe ń ṣe ìpàdé ẹbí gan-an ni: àwọn mẹ́ta nínú márùn-ún ti sọ̀rọ̀.

Èyí tuntun ni IJS, ìyẹn International Judging System. Àríyànjiyàn tó wáyé níbi Olímpíìkì ọdún 2002 ní Salt Lake City, níbi tí adájọ́ ilẹ̀ Faransé kan ti sọ pé wọ́n fi agbára mú òun dìbò, tí wọ́n sì parí rẹ̀ sí fífún ọ̀wọ́ eléré méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní wúrà, ni ó bí i. Ẹgbẹ́ àgbáyé sì gbà á wọlé ní ọdún 2004. Nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí eléré bá ṣe ní iye tirẹ̀, bí ọjà tí a lẹ owó mọ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Axel. Axel ẹlẹ́ẹ̀kan, máàkì 1.10 ni, ẹlẹ́ẹ̀mejì, 3.30. Lórí iye yìí, adájọ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi nọ́ńbà láti −5 dé +5 sọ bí ó ṣe dára tó, nọ́ńbà kan sì dúró fún ìdá 10 nínú 100 iye ìpìlẹ̀. Bí ìpíndọ́gba àwọn adájọ́ bá jẹ́ +2, ọmọ yóò gba 3.30 àti 0.66, èyí jẹ́ 3.96. Bí ó bá ṣubú, tí wọ́n sì fún un ní −5, yóò ku 1.65, ní ìpele Senior wọn yóò tún yọ máàkì 1 nítorí ìṣubú náà, ohun tí ó kù kò wá ju 0.65 lọ. Ẹ wò ó dáadáa: Axel ẹlẹ́ẹ̀kan tí ọmọ fò láìfì, 1.10, sàn ju ẹlẹ́ẹ̀mejì tí ó fi ìdí lélẹ̀ lórí rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọmọ tí kò ṣe nǹkan tó ń yani lẹ́nu fi lè borí ọmọ tí gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ fún. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún ń fún un ní máàkì lórí bí a ṣe to eré náà, bí ó ṣe gbé e kalẹ̀ àti bí ó ṣe mọ abẹ lò. Márùn-ún ni apá wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n dín in kù sí mẹ́ta ní sáà ọdún 2022.

Ẹkùn mẹ́sàn-án ni wọ́n pín Amẹ́ríkà sí, mẹ́ta-mẹ́ta lábẹ́ ìpín ńlá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Eastern, Midwestern àti Pacific Coast. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mẹ́rin tó ṣíwájú ní ẹkùn ni wọ́n ń lọ sí ìdíje ìpín, àwọn mẹ́rin tó ṣíwájú níbẹ̀ sì ń lọ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ti ń tún ètò náà tò, tí wọ́n sì fi àwọn ìdíje ìgbà ooru kan, National Qualifying Series, kún un, nítorí náà ìwé ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ni kí òbí kà, kì í ṣe ti èṣí. Àgbàlagbà tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan ni kí ó mọ̀ pé ẹni ọdún 21 sókè ní ìdíje tirẹ̀, àti pé láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè fún wọn. Mo ka èyí sí etí àbúrò mi. Ó ní eékún òun ti sọ tirẹ̀.

Bí ìdíje bá parí, wọn yóò gbé ìwé máàkì jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ṣe lórí ìlà tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ìdíje ẹkùn ọmọ wa ni mo tẹ̀ jáde fún Màmá. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kan lọ, wọ́n sì bá àmì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2A, èyí tó rí báyìí: <. Mo ṣàlàyé pé Axel ẹlẹ́ẹ̀mejì ni 2A, pé àmì náà sì túmọ̀ sí pé yíyípo rẹ̀ kò pé kí ó tó balẹ̀, ó fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan lọ dín, wọ́n sì torí bẹ́ẹ̀ ka ìdá 80 nínú 100 iye rẹ̀ péré fún un, 2.64 dípò 3.30. Màmá wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ṣé ọmọ náà ṣubú? Mo ní kò ṣubú. Wọ́n ká ìwé náà sí méjì, wọ́n fi í sábẹ́ ìrọ̀rí wọn, wọ́n sì bi mí pé ọjọ́ wo ni gbèdéke èyí tó kàn.